Kọ́kọ́rọ́ àti Ìwé Ara Ìgò: Ìtàn Ìpamọ́ Oògùn láti Paris dé Yàrá Àwọn Àgbà ní Àjàṣẹ́ àti Kétu

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìtọ́jú arúgbó ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, nǹkan méjì ni yóò rí níbi tí wọ́n ń kó oògùn sí: àpótí tí wọ́n ń tì, àti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò tàbí páálí kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn láti rò pé nítorí àwọn arúgbó ni wọ́n ṣe dá nǹkan méjèèjì sílẹ̀. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí àwọn tí ń fi májèlé pa ènìyàn ni kọ́kọ́rọ́ ṣe wọ inú òfin, ó sì ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún báyìí. Ìwé ara ìgò ní tirẹ̀, ìṣòro ilé ìtajà ni ó sọ ọ́ di dandan. Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ àwọn méjèèjì títí dé Àjàṣẹ́ àti Kétu, níbi tí ilé ìtọ́jú arúgbó kò ti wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tí oògùn òyìnbó ti kún yàrá àwọn àgbà. Èrò mi ni pé ìbéèrè tí òfin wọ̀nyí dáhùn kì í ṣe èyí tí ó ń da àwọn àgbà wa àti àwọn tí ń tọ́jú wọn láàmú.

Ta ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn mọ́?

Ní Paris, láàrin 1679 sí 1682, ọba Louis Kẹrìnlá gbé ilé ẹjọ́ àrà ọ̀tọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń ta májèlé, tí wọ́n sì ń fi í pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà ràn títí ó fi dé ààfin. Obìnrin kan tí gbogbo ìlú mọ̀ sí La Voisin ni wọ́n dáná sun ní 1680. Arsenic wà lára àwọn májèlé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, ẹ̀tù funfun tí kò ní òórùn, tí a lè bù sínú ọbẹ̀ kí ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ má fura. Àwọn ará ìlú fún un ní orúkọ kan tí a lè túmọ̀ sí ẹ̀tù ogún. Ogún tí à ń jẹ ni mo ń wí o, kì í ṣe ti oǹkà. Ẹ wo ohun tí orúkọ náà ń sọ. Ẹni tí ó ní dúkìá ni ó ń kú, àgbà ilé nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí yóò jogún rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì lè dé orí oúnjẹ rẹ̀, ni ó ń pa á.

Ní oṣù Keje 1682, ọba pàṣẹ pé kí àwọn tí ń ta arsenic àti irú rẹ̀ máa pa á mọ́ sí ibi tí ó láàbò, kí wọ́n sì máa mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ fúnra wọn. Òfin 21 germinal ọdún kọkànlá, bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ lẹ́yìn ìyípadà ńlá, èyí tí ó bọ́ sí 11 oṣù Kẹrin 1803, tún un sọ ní kedere: ibi tí ó láàbò, tí ó dá dúró, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ apòògùn tàbí oníṣòwò nìkan, kí ẹlòmíràn kankan má lè mú nínú rẹ̀. Ní 1840, ilé ẹjọ́ ní Tulle dá Marie Lafarge lẹ́bi pé ó fi arsenic pa ọkọ rẹ̀. Ó ti sọ pé eku ni òun fẹ́ pa nígbà tí ó ń wá a. Ariwo ẹjọ́ náà kò tíì rọlẹ̀ pátápátá tí wọ́n fi ṣe òfin tuntun ní 1845, tí àṣẹ ọba ti 29 oṣù Kẹwàá 1846 sì tẹ̀ lé e. Ibi tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì tún wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú gbogbo òfin wọ̀nyí ni pé ará ilé ni wọ́n ń fura sí. Aya, ọmọ, ìránṣẹ́, ẹni tí ń se oúnjẹ: àwọn wọ̀nyí ni kọ́kọ́rọ́ ń dènà. Kí oníwàásù kankan má sọ pé òyìnbó kò fẹ́ràn ẹbí ni o. Ìtàn tiwọn ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi í sọ́kàn, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, ará ilé gan-an ni olùpamọ́.

Àgbá kan ní òkè àjà

Ìtàn ìwé ara ìgò yàtọ̀. Kò sí apànìyàn nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi kàn wá ju ti ìṣáájú lọ.

Ní ìlú Bradford, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan wà ní 1858 tí ń jẹ́ William Hardaker, tí ó ń ta ohun dídùn lórí tábìlì lọ́jà. Joseph Neal ni ó ń bá a ṣe é. Ṣúgà wọ́n nígbà náà, nítorí náà àwọn aṣohundídùn a máa fi ẹfun olówó pọ́ọ́kú kan lú u, èyí tí wọ́n ń pè ní daff. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, Neal rán ẹnì kan lọ ra daff ní ilé oògùn Charles Hodgson ní Shipley. Ara Hodgson kò yá, orí bẹ́ẹ̀dì ni ó wà. Ọmọṣẹ́ rẹ̀, William Goddard, lọ bi í léèrè ibi tí daff wà, ó sì dá a lóhùn pé ó wà nínú àgbá kan ní igun òkè àjà. Goddard gun òkè lọ. Ó rí àgbá, ó rí ẹ̀tù funfun nínú rẹ̀, ó wọn ìwọ̀n páùnù 12 fún ẹni tí wọ́n rán. Arsenic ni.

Wọ́n po ó mọ́ ṣúgà. Ẹni tí ó ṣe ohun dídùn náà ṣàìsàn níbi tí ó ti ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó fura. Hardaker fúnra rẹ̀ rí i pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ó sì fi ìyẹn ná an títí wọ́n fi dín owó rẹ̀ kù fún un. Ó tà á lọ́jà ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Àwọn tí ó kú tó 20. Àwọn tí ó ṣàìsàn lé ní 200. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn.

Òfin kan ti wà tẹ́lẹ̀, ti 1851, tí ó sọ pé kí ẹni tí ń ta arsenic kọ orúkọ ẹni tí ó rà á sínú ìwé. Òfin náà ń ṣọ́ oníbàárà. Àgbá tí ó wà ní igun òkè àjà, tí kò sí ohun tí ń sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ọmọṣẹ́ tí a rán lọ bù ú, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Wọ́n fẹ̀sùn kan Neal, Hodgson àti Goddard, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ṣe ọ̀nà fún òfin àwọn apòògùn ti 1868, tí ó sọ pé kí ohun tí a bá ta májèlé sínú rẹ̀ ní ìwé lára: orúkọ ohun náà, ọ̀rọ̀ tí ó sọ pé májèlé ni, orúkọ ẹni tí ó tà á àti ibi tí ó wà.

Ẹ jẹ́ kí n tún un kà: kí ni ó wà nínú ìgò, ṣé ó lè pani, ta ni ó tà á. Ìwé náà kò sọ ẹni tí yóò lò ó. Kò sọ ìgbà tí yóò lò ó. Ó bá ọmọṣẹ́ ilé ìtajà sọ̀rọ̀, nítorí ọmọṣẹ́ ilé ìtajà ni ó ṣi àgbá mú.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ bọ́ sábẹ́ ààbò Faransé ní 1863. Ní 1894, Dàhòmì di ilẹ̀ amúnisìn wọn, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Òfin oògùn wọn tẹ̀ lé wọn wá. Ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, òfin 12 oṣù Keje 1916 àti àṣẹ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà pín àwọn oògùn líle sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì fún wọn ní àwọ̀: pupa bí ọsàn fún májèlé, àwọ̀ ewé fún èyí tí ó léwu. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé yẹn kò tíì lọ. Bí ẹ bá mú páálí oògùn Faransé lónìí, tí ẹ rí ìlà pupa tàbí ìlà aláwọ̀ ewé tí ó yí ibi tí wọ́n ń kọ ìlò rẹ̀ sí ká, àrọ́mọdọ́mọ 1916 nìyẹn. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ní Àjàṣẹ́ ohun tí àwọ̀ méjèèjì túmọ̀ sí. Àwọn kan sọ fún mi pé pupa ni ti ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ ewé sì ni oògùn tí wọ́n fi ewé ṣe. Ìtumọ̀ tí ó bọ́gbọ́n mu ni, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe òun ni.

Láti 1918 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Dakar ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, àwọn apòògùn sì wà lára wọn. Ní 15 oṣù Kẹrin 1954 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé ṣe òfin kan tí ó mú àwọn apá kan nínú òfin apòògùn wọn gbilẹ̀ dé àwọn ilẹ̀ òkè òkun, Togo àti Kamẹrúùnù. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, Dàhòmì gba òmìnira. Àsíá yí padà, èdè ara ìgò kò yí padà.

Ìyípadà tí ó tóbi jù, lójú tèmi, kò ti ọwọ́ òfin wá. Ní oṣù Kẹsàn-án 1987, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní Bamako, wọ́n sì fẹnu kò pé kí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké máa ta oògùn tí ó ṣe kókó ní owó tí ará abúlé lè san, kí owó náà sì máa yí padà sínú iṣẹ́. Benin wà lára àwọn tí ó tètè mú un lò. Láti lè dín owó kù, inú agolo ńlá ni oògùn ti ń wá, hóró 1000 nínú agolo kan. Nọ́ọ̀sì á ka hóró mẹ́wàá tàbí ogún, á dà á sínú àpò ọ̀rá kékeré. Ìwé ara agolo kò bá wọn dé ilé. Bí ó ṣe di pé ohun tí òfin 1868 àti ti 1916 ń jà fún já kúrò lára oògùn nìyẹn, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn gan-an, láìsí ẹni tí ó rú òfin.

Lára àwọn àpò ọ̀rá kan, wọ́n a máa tẹ àwòrán sí i: oòrùn tí ó ń yọ, oòrùn tí ó wà lókè, òṣùpá. Nọ́ọ̀sì á fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún hóró kan. Mo ka èyí sí ìwé ara oògùn tí ó dára jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ó fi ọ̀rọ̀ ohun tí ó wà nínú àpò sílẹ̀, ó sọ ìgbà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń fi àrokò ránṣẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé e.

Orúkọ tí à ń pè é

Ó yẹ kí a wo bí àwọn tiwa ṣe ń dá oògùn mọ̀ kí agolo tó dé. Àgbo ibà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, àgúnmu inú rírun: iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe ni orúkọ rẹ̀. Ti òyìnbó, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, tàbí orúkọ tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fún un. Pierre Verger, tí ó di babaláwo ní Kétu ní 1953 tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ewé àti ọ̀rọ̀ tí à ń pè sí i jọ. Ìwé rẹ̀ lórí ewé jáde ní 1995. Ó tọ́ka sí i pé nínú orúkọ ewé ni a ti sábà máa ń gbọ́ ìró ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó ń sọ ohun tí a fẹ́ kí ewé náà ṣe. Orúkọ, ìlò àti ìrántí wà pa pọ̀ lẹ́nu ẹnì kan.

Ẹnu ẹnì kan ni mo wí. Àdó tí ó kọ́ sí àjà kò ní ìwé lára nítorí ẹni tí ó kọ́ ọ síbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lò ó yóò kọ́kọ́ bi í. Ìpamọ́ wa dá lórí ènìyàn. Nígbà tí ẹni náà bá wà nílé, kò sí ohun tí ó dára tó o. Nígbà tí ó bá ti lọ sí Kùtọnù, sí Èkó tàbí sí òkè òkun, àdó kò lè fọhùn.

Ohun tí ó ń ṣe àwọn àgbà ní ibùsùn wọn

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Ní 1973, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìlànà kan nípa ibi tí a gbọ́dọ̀ kó àwọn oògùn tí ó lè di bárakú sí, ó sì dárúkọ àwọn ilé ìtọ́jú nínú rẹ̀. Ó sọ irú irin tí a ó fi ṣe àpótí, ó sọ bí a ó ṣe kàn án mọ́ ògiri tàbí mọ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á á rò pé olè ni ó ń pa àwọn arúgbó.

Ní 2009, àwọn olùwádìí tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ilé ìtọ́jú 55 ní West Yorkshire, Cambridgeshire àti Lọ́ńdọ̀nù. West Yorkshire ni Bradford wà. Nínú arúgbó 256 tí wọ́n wò, 178 ni wọ́n rí àṣìṣe kan ó kéré tán nínú oògùn rẹ̀: èyí tí dókítà kọ lọ́nà tí kò yẹ, èyí tí ilé oògùn dì lọ́nà tí kò yẹ, èyí tí wọ́n gbàgbé láti máa yẹ ipa rẹ̀ wò, èyí tí wọ́n fún un ní ìgbà tí kò yẹ tàbí tí wọn kò fún un rárá. Oògùn mẹ́jọ ni arúgbó kan ń lò, bí a bá pín in dọ́gba. Púpọ̀ nínú àṣìṣe náà kò ṣe ìpalára ńlá, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n inú ilé tí àpótí rẹ̀ wà ní títì, tí ìwé sì wà lára gbogbo páálí, ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lára àwọn tí ń gbé oògùn náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn lónìí, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí ìyá tiwọn wà nílé lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ọ̀dọ̀.

Níhìn-ín, ìdàrúdàpọ̀ náà ní ojú tirẹ̀. Ẹ wo Doliprane àti Efferalgan. Orúkọ méjì, páálí méjì, paracetamol kan náà. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn lè ní ọ̀kan láti ilé ìwòsàn, kí ọmọ tí ó ti Kùtọnù dé sì mú ìkejì wá. Ó ń lo ọ̀kan fún orúnkún, ó ń lo ìkejì fún orí fífọ́, nítorí iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní ti ìlànà tirẹ̀, kò ṣìnà rárá. Gíráàmù mẹ́rin ni òpin fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ní wákàtí 24, àwọn dókítà a sì máa dín in kù fún arúgbó tí kò sanra. Ẹni tí ó ń lo méjèèjì pọ̀ lè kọjá rẹ̀ láìmọ̀, ẹ̀dọ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti àwọ̀ hóró. Ẹni tí ó mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí "funfun kékeré" yóò gba ti ilé iṣẹ́ mìíràn ní oṣù tí ń bọ̀, á rí i pé ó ti di aláwọ̀ ìyeyè, á sì lò ó pẹ̀lú èyí tí ó ṣẹ́kù.

Ìpamọ́ pẹ̀lú ní ìṣòro tí kọ́kọ́rọ́ kò mọ̀ nípa rẹ̀, ìyẹn ni ooru. Insulin, tí wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn ní oṣù Kìíní 1922, fẹ́ kí a fi èyí tí a kò tíì ṣí sínú fíríìjì, láàrin ìwọ̀n 2 sí 8. Iná mànàmáná kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan a máa fi ìgò náà sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, kí wọ́n gbé e sínú ńlá tí ó ní iyanrìn tútù láàrin. Ìmọ̀ amù ni, àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìkòkò kò lè tutù bíi fíríìjì, ṣùgbọ́n ó sàn ju orí àpótí aṣọ lábẹ́ páànù lọ, ó sì tó fún ìgò tí wọ́n ti ṣí tí wọn yóò lò tán láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìwé tí a lè kọ

Ní Kétu, mo rí ìgò oògùn olómi mẹ́ta lórí fèrèsé yàrá àgbà kan. Òwú funfun wà lọ́rùn ọ̀kan, òwú dúdú lọ́rùn èkejì, ìkẹta kò ní òwú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ni ó so ó: funfun fún òwúrọ̀, dúdú fún alẹ́, èyí tí kò ní òwú, kí wọ́n má fún un àfi bí ọmọ náà bá wà níbẹ̀. Ìwé Faransé ṣì wà lára ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé náà sọ ohun tí ó wà nínú ìgò fún apòògùn, òwú sọ ìgbà fún bàbá.

Ní ẹ̀ka tiwa, a ti ń jíròrò bóyá kí a tẹ ìwé kékeré ní èdè Yorùbá tí àwọn ilé ìwòsàn lè lẹ̀ mọ́ àpò ọ̀rá: orúkọ ẹni tí ó ni ín, iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe, oòrùn àti òṣùpá, orúkọ oògùn gan-an ní ìsàlẹ̀ kí méjì má baà di ọ̀kan lójú ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn tó bí ó ṣe dún. Ní Benin, ɛ àti ɔ ni álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè fi ń kọ ohun tí wọ́n ń kọ ní ẹ àti ọ ní Nàìjíríà, àwọn ìwé tí àwọn àgbà wa mọ̀ jù, Bíbélì pàápàá, ti ìhà ibẹ̀ ni. Ọ̀nà tí ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ifẹ̀ tí ó wà ní Atakpamé gbà ń pe àwọn àkókò ọjọ́ kì í fi ìgbà gbogbo bá ti Àjàṣẹ́ mu. Bí a bá sì fi àmì ohùn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe lórí ìwé kékeré, ọṣẹ àti ọ̀sẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn lójú ẹni tí ń kà á lójú fìtílà, bẹ́ẹ̀ oògùn kan wà tí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀, tí lílo rẹ̀ lójoojúmọ́ lè pani. Lórí àwòrán, ẹnu wa kò yàtọ̀. Ohun tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wà ní ìlà ìkẹyìn, níbi tí òfin 1868 fi orúkọ ẹni tí ó tà á sí. Èmi ní kí a kọ orúkọ ẹni tí a lè bi léèrè nínú ilé. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹni náà lè rìnrìn àjò lọ́la.